Àwọn Àna Wa Létí Adágún

Ìjẹ̀bú-Imùṣin,
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn,
Oṣù Kẹsàn-án, 1986.

Adélékè ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kí ó sì bá ọ lẹ́yìn tí o ti jẹun yó, nítorí mo mọ̀ pé bí ebi bá ń pa ọ́ o kì í ka ìwé parí. Ọlọ́run tí ó mú wa lọ tí ó mú wa bọ̀ yóò máa ṣọ́ ọ ní Èkó níbẹ̀, mọ́tò kò ní gbá ọ, ọ̀gá rẹ kò ní rí ọ kí inú bí i. Àmín. Bàbá rẹ ní kí n kí ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Ràmọ́tà tí ó ń ta epo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní kí n kí ọ, ewúrẹ́ rẹ̀ bí ìbejì, àwọn ìbejì náà sì ti jẹ gbogbo ẹ̀fọ́ tí mo gbìn sẹ́yìnkùlé tán, n kò sì lè bínú torí ọmọ tuntun ni wọ́n. Ìròyìn ilé kò jù báyìí lọ. Ìrìn àjò tí o rán wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, mo sì bẹ̀ ọ́ kí o kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ni kò tíì yé èmi tí mo ń kọ ọ́.

Nígbà tí ìwé rẹ dé pé mọ́tò kan ń bọ̀ wá gbé èmi àti bàbá rẹ lọ sí Òkè-Adágún lápá Èkìtì, kí a lọ sinmi, kí a wo òkè, kí a wo omi, kí a jẹun kí a sùn, bàbá rẹ bi mí pé kí ni a ṣe tí ọmọ fi ní kí a lọ sinmi nílé onílé. Mo ní kí ó fọkàn balẹ̀. Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógójì tí kò tíì níyàwó kò lè ṣàdédé rán bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ wo omi. Ṣé omi Yemọjí kò sí ní Ìjẹ̀bú-Òde ni? Ta ló ń lọ wò ó? A ń pọn ọ́n ni. Mo wá rántí bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ èmi náà. Ojú ń tì í láti sọ nílé wọn pé òun ti rí ọmọ kan ní Ìjagun, ló bá kàn ń sọ fún ìyá rẹ̀ pé epo ilé wa dára, kí ó lọ máa rà á níbẹ̀. Ìyá àgbà ra epo, ó ra epo, títí ó fi rí mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo. Nítorí náà mo sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ ẹkùn, ẹkùn ni yóò jọ, Adélékè ti rí ìyàwó létí adágún, ojú ló ń tì í, ó ní kí a lọ fi ojú ara wa rí i. Bàbá rẹ ronú títí, ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

A kì í lọ sílé àna lọ́wọ́ òfo. Mo di gàrí Ìjẹ̀bú, mo di ẹja gbígbẹ, mo mú ewùrà ńlá ńlá mẹ́ta, mo sì mú pákó tí mo fi ń rin ewùrà, èyí tí wọ́n kan agolo tí a dá lu mọ́, tí ìyá mi fún mi nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ. Awakọ̀ ní kí n má ṣe ìyọnu, oúnjẹ wà lọ́hùn-ún. Mo ní mo mọ̀, ṣé àwọn àna wa náà mọ̀ pé oúnjẹ wà lọ́dọ̀ tiwa?

Ilé náà tóbi, ó dákẹ́ rọ́rọ́, orí òkè ni ó wà, adágún náà sì tẹ́ lọ níwájú rẹ̀ bí aṣọ tí a sá. Bàbá rẹ dúró, ó wo omi, ó wo ìsàlẹ̀ òkè tí a ti gùn wá, ó sì bi awakọ̀ pé ta ló pọn omi tó pọ̀ tó yìí gòkè. Awakọ̀ ní Ọlọ́run ni. Ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Ernest jáde wá pàdé wa, ó so táì, ó ń fi ọ̀wọ̀ kí wa. Mo ní bàbá ìyàwó nìyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú rẹ̀ kò ju ti ẹni ogójì ọdún lọ, mo ní bóyá ó tètè gbéyàwó ni. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí ó wọ aṣọ búlúù jáde, ó kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, ó gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ó rí ẹsẹ̀ bàbá rẹ tí ó wú, ó sì lọ gbé àpótí wá kí ó gbé e lé. Mobọ́lájí ni orúkọ rẹ̀. Mo wo bàbá rẹ, bàbá rẹ wò mí. Ohun kan ṣoṣo tó rú mi lójú ni pé ó ń pe bàbá rẹ̀ ní ọ̀gá. Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é lápá ibẹ̀ nìyẹn.

Wọ́n fún wa ní yàrá kan tí ó ní nọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ọmọ wọn á pọ̀ gan-an kí wọ́n tó máa kọ nọ́ńbà sára ilẹ̀kùn. Adélékè, nígbà tí a wọlé, aṣọ funfun báláú ni wọ́n tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. O kì í ṣe ọmọdé mọ́, o mọ ẹni tí a ń tẹ́ aṣọ funfun fún nílé Yorùbá. Mo ní wọ́n ti tẹ́ tìyàwó sílẹ̀ kí ọkọ tó dé, ojú sì tì mí fún wọn. Èmi àti bàbá rẹ kò fara kan bẹ́ẹ̀dì náà, ilẹ̀ ni a sùn sí. Láràárọ̀ ni Mobọ́lájí ń wọlé wá ká aṣọ náà, tí ó ń tẹ́ òmíràn, tí ó ń wò wá pé ṣé a sùn dáadáa. Mo ní a sùn bí ọba. Omi gbígbóná ń jáde lára ògiri, n kò mọ ẹni tó ń jí dáná sí i. Tẹlifóònù kan wà nínú yàrá tí kò mọ Èkó rárá, mo ní kí wọ́n fi mí kàn ọ́ kí n lè yọ̀ mọ́ ọ, ilé ìdáná ló ń dáhùn, ó ń bi mí pé ṣé ẹran ni tàbí ẹja. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo ní èyíkéyìí tí àna wa bá fẹ́.

Ohun tó kó ìdààmú bá mi ni òyìnbó kan tí ó wà níbẹ̀. Òun náà ní yàrá, òun náà ń jẹun wọn, Mobọ́lájí náà sì ń gbé tíì fún un. Láti àárọ̀ ni yóò ti jókòó létí adágún, kò pẹja, kò wẹ̀, omi ló ń wò, kámẹ́rà lọ́rùn. Mo ní ọkùnrin kì í jókòó wo omi bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé ìfẹ́ ń dà á láàmú. A kì í mọ ọkọ ọmọ kí a tún mọ àlè ọmọ, kí ló dé tí Ernest ń gba méjì? Ni mo bá sọ fún bàbá rẹ pé kí a tètè ṣe é, kí òyìnbó má gbéyàwó ọmọ wa lọ.

Mo wọ ilé ìdáná wọn. Ọkùnrin tó ń se oúnjẹ níbẹ̀ ní àlejò kì í wọbẹ̀, mo ní èmi kì í ṣe àlejò mọ́. Mo bẹ ewùrà, mo rin ín, mo kó ẹja sí i, Mobọ́lájí dúró tì mí, ó ń bu omi fún mi, ó ń bi mí ìdí tí n kò fi ro ó pọ̀, mo ní kí kókó rẹ̀ má bàa tú ni. Adélékè, ọmọ tó ń béèrè ìbéèrè nídìí ààrò, ilé yóò dùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkókorè náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí òyìnbó fi jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dùn mí pé mo fún un. Mobọ́lájí jẹ tirẹ̀ lórí ìdúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní kí n má sọ fún ọ̀gá. Mo ní ọmọ ń bẹ̀rù bàbá rẹ̀, ìyẹn náà dára.

Nígbà tí gbogbo wọn jẹun tán, bàbá rẹ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún yẹn dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Ernest. Ernest kò lè dúró kí àgbàlagbà máa dọ̀bálẹ̀ fún òun, ló bá dọ̀bálẹ̀ pẹ̀lú táì rẹ̀. Bàbá rẹ kò dìde, torí àna kò tíì ní kí ó dìde. Ernest kò dìde, torí àgbà ṣì wà nílẹ̀. Òyìnbó dìde, ó ya àwọn méjèèjì ní fọ́tò, mo sì dúpẹ́ nínú mi pé òun náà ti gbà fún wa. Ernest wá bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ wá, ṣé bẹ́ẹ̀dì ni tàbí oúnjẹ. Mo ní rárá o, ọmọ rẹ̀ Mobọ́lájí ni a wá tọrọ fún Adélékè wa.

Àwo tí Mobọ́lájí gbé lọ́wọ́, ó gbé e kalẹ̀. Òun ló wá kúnlẹ̀ tì mí, ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́. Ó ní òun kì í ṣe ọmọ Ernest, iṣẹ́ ni òun ń bá wọn ṣe. Ó ní ilé ìtura ni, ẹni tó bá sanwó ni wọ́n ń gbà, òyìnbó sanwó tirẹ̀, ìwọ náà sì ti sanwó tiwa láti Èkó, owó yàrá, owó oúnjẹ, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kò rí ọ rí. Mo ní hòtẹ́ẹ̀lì ni ó ń sọ ni? Hòtẹ́ẹ̀lì tí mo mọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibi tí wọ́n ti ń mu bíà tí rẹ́díò ń pariwo ni, báwo ni ibi tó dákẹ́ tó báyìí ṣe lè jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì? Mo wá bi Ernest pé ìkúnlẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà nínú owó náà? Ó ní bí àwọn ṣe ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti máa gba àlejò nìyẹn.

Adélékè, ojú tì mí, ìbá wù mí kí adágún náà gbé mi mì. Bàbá rẹ bá mi wọ yàrá. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì funfun náà fún ìgbà àkọ́kọ́, ó ní nítorí náà owó ni wọ́n fi ń kí òun ní bàbá. Ó ní Adélékè rówó san fún ẹni tí yóò kúnlẹ̀ fún wa, kò ráyè wá dọ̀bálẹ̀ fúnra rẹ̀. N kò kọ ọ́ láti bú ọ o. Ó sọ ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é.

Lọ́jọ́ kejì tí a ó padà, mọ́tò kò lè gun òkè wá nítorí òjò ti ba ojú ọ̀nà jẹ́. A ń ronú bí a ó ṣe sọ̀kalẹ̀ ni Mobọ́lájí dé. Kò wọ aṣọ búlúù. Ìró àti bùbá tirẹ̀ ni ó wọ̀, ó ní òun kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ilé ni òun ti ń bọ̀. Ó gbé ẹrù wa rù, ó fún bàbá rẹ ní èjìká kí ó fi ọwọ́ lé, ẹsẹ̀ bàbá rẹ ni ó sì ń tẹ̀ lé, bí ó bá dúró yóò dúró, títí a fi dé ìsàlẹ̀. Ó ra àgbàdo sísun fún wa. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan, ó kọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú. Ó ní ìyá òun ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, kò sí ẹni tó jẹ́ kí òun dúró tì í nídìí ààrò láti ìgbà náà. Ni mo bá tú ẹrù mi níbẹ̀, mo fún un ní pákó tí mo fi ń rin ewùrà, èyí tí ìyá mi fún mi. Ìyẹn ni kò kọ̀. Ó kúnlẹ̀ gbà á nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ tó mọ́ yẹn, títí mọ́tò wa fi lọ.

Láti ìgbà tí a ti délé ni mo ti ń rò ó tí kò yé mi. Ìkúnlẹ̀ inú ilé ní owó, ó ti yé mi. Èyí tí ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ yìí ńkọ́, ìwọ náà ni o san án? Ìwọ tí o mọ̀wé, ṣàlàyé fún mi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, n kò ní pákó mọ́, ọ̀bẹ ni mo fi ń họ ewùrà, bàbá rẹ sì ń kùn pé kò kúnná.

Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ lo san owó ìkúnlẹ̀ ìsàlẹ̀ òkè yẹn, a dúpẹ́, fi owó pákó tuntun ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe ìwọ lo san án, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Wọ ọkọ̀, kí o lọ gba pákó mi wá fún mi, kí o sì rọra bi ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá òun náà yóò fẹ́ láti bá a wá.

Ọ̀nà yóò là fún ọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ohun tí o bá fi ọ̀wọ̀ tọrọ, wọn kò ní fi dù ọ́. Bàbá rẹ ní òun ṣe àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń retí pákó rẹ̀,
Susannah.