Ìsinmi Tí Wọ́n Fi Ń Ká Ọsàn

Fortunato ọmọ mi,

Mo kí ẹ o, bàbá rẹ náà kí ẹ. Ìyá Màríà á máa ṣọ́ ẹ ní Melbourne, ní Ọsirélíà níbẹ̀, kò ní jẹ́ kí òtútù mú ẹ. Ara tiwa náà le, àfi orúnkún bàbá rẹ àti inú tó ń bí mi.

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sínú fóònù, mo dá ẹ lóhùn, mo sì dúró kí o fèsì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà lò ń tún sọ nígbàkúùgbà tí bàbá rẹ bá tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé èmi ò sọ nǹkan kan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí ìyá ẹni lọ́hùn-ún nìyẹn?

O ní ìjọba ibẹ̀ fún ẹ ní físà ìsinmi, pé kí o tó lè lo ọdún kejì, àfi kí o lọ ká ọsàn lóko olóko. Ọsàn, Fortunato! Ìwọ tí ẹ̀yìn máa ń dùn ní gbogbo ìgbà tí ọsàn tiwa bá pọ́n ní Calabria, ní Ítálì níbí! Mo gbé ìbínú mi lọ bá Girolamo, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, mo ní tó bá jẹ́ iṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní ìsinmi, kó kọ orúkọ tèmi náà sílẹ̀, torí láti kékeré ni mo ti ń sinmi bẹ́ẹ̀. Ó ní mo ti dàgbà jù, pé àwọn ọ̀dọ́ nìkan ni wọ́n ń fún. Mo bi í pé ta ló wá yẹ kó sinmi, èmi ni àbí ọmọ ọwọ́? Ó ní kí n jọ̀ọ́ máa lọ sílé.

Bí mo ṣe ń bọ̀, mo bá ọmọbìnrin kan lórí àkàbà nínú oko wa, irun rẹ̀ pupa bí ata, ó ń ká ọsàn wa. Bàbá rẹ ló gbà á síṣẹ́ láìsọ fún mi, torí orúnkún ò jẹ́ kó lè gun àkàbà mọ́. Tamsin lorúkọ rẹ̀, ó gbọ́ èdè wa díẹ̀díẹ̀. Ọmọ Ọsirélíà ni! Ó ní físà ìsinmi lòun náà fi wá. Mo bi í bóyá kò sí ọsàn nílùú wọn ni. Ó ní oko ọsàn ni ìyá òun ní, ní Mildura. Díẹ̀ ló kù kí n fa àkàbà náà yọ. Ìjọba méjì jókòó, wọ́n ń pààrọ̀ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni ń pààrọ̀ ìgò, wọ́n wá ń pè é ní ìsinmi!

Ṣùgbọ́n nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, mo rí ọwọ́ rẹ̀, ẹ̀gún ti ha á kiri. Mo ní kó wọlé. Ó jẹ pasítà àwo méjì, ìgbà tí mo bu ìkẹta fún un ló bú sẹ́kún, ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bu oúnjẹ fún òun. Bẹ́ẹ̀dì rẹ ni mo ní kó máa sùn. Má bínú.

Tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi díẹ̀ ránṣẹ́ nítorí orúnkún bàbá rẹ, ṣùgbọ́n má fi sínú fóònù o, bàbá rẹ ò mọ ibi tí wọ́n ti ń ṣí i.

Tó bá sì jẹ́ dandan kí o ká ọsàn, Mildura ni kí o lọ. Wá ìyá Tamsin kàn, sọ fún un pé ọmọ rẹ̀ ti jẹun. Tó bá bi ẹ́ pé ìwọ ńkọ́, má tijú, sọ pé ebi ń pa ẹ́. Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ tó bá bu oúnjẹ fún ẹ.

Èmi ni, ìyá rẹ,
Immacolata.