Lẹ́yìn Tí Tawa Kúrò Nídìí Rédíò

                                        Àdúgbò Gare,
                                        Tchaourou,
                                        Orílẹ̀-èdè Benin.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2001.

Yéwándé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ọ? Ṣé ara Akínwùmí, bàbá àwọn ọmọ, le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn kò tíì gbàgbé Nàgó, èdè wa, sínú Faransé tí wọ́n ń gbọ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́? Orúnkún tó ń yọ ọ́ lẹ́nu lọ́dún tó kọjá, ṣé ó ti rọlẹ̀? Bá mi kí Akínwùmí púpọ̀, sọ fún un pé mo ti rán aṣọ rẹ̀ tán, ẹni tí yóò bá mi gbé e wá sí Libreville ni mo ń wá. Àwa náà wà níbí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Iṣu tuntun ti dé, wọ́n to ó sí etí títì láti ibí dé Tchatchou. Ọkọ̀ ojú irin ṣì ń pẹ́ bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ìyá mi ní kí n kí ọ, ó ní nígbà tí o bá máa wálé, kí o má wá bí àlejò.

Lọ́jọ́ tí o pè mí ní kábíìnì tẹlifóònù, èèyàn pọ̀ lẹ́yìn mi tí wọ́n ń dúró de ti wọn, n kò lè dá ọ lóhùn bó ṣe yẹ. O ní àwọn ará ilé tó wà lọ́dọ̀ yín ń sọ pé Tawa ti padà sí Tchaourou, pé ìgbéraga ipò tó ti wà kò jẹ́ kó lè kí ẹnikẹ́ni, pé ṣe ló ti ilẹ̀kùn mọ́rí. Òótọ́ ni pé ó ti padà. Òótọ́ sì ni pé ó ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kọ́, Yéwándé, ohun tó sì jẹ́ kí n mú bíìkì kọ lẹ́tà yìí nìyẹn. O ti kúrò nílé kí èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ náà tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìdí rẹ̀.

Nígbà tí o lọ, Tawa, Tawakalitou wa, ti wà ní Kútọnu tó ń ka ìròyìn ní Nàgó nínú rédíò. O rántí pé òun náà ló máa ń kàwé sókè fún gbogbo kíláàsì wa, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́ gaara. Láyé ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Révolution, ohun tí wọ́n bá kọ lé e lọ́wọ́ ló ń kà. Àwa ará ilé ń gbọ́ ọ, inú wa ń dùn pé ọmọ Ìyá Hawaou oníṣu ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ìròyìn yẹn.

Kọ́nfẹ́ráǹsì ọdún 1990, níbi tí wọ́n ti yí ìjọba padà, ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Faransé ni àwọn tó pé jọ síbẹ̀ ń sọ. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, Tawa á wá tú ohun tí wọ́n sọ sí Nàgó, bí ẹni tó ń ròyìn ọjà fún ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Bàbá Souradjou á gbé rédíò rẹ̀ síta ṣọ́ọ̀bù, àwọn àgbẹ̀ abúlé Sanson á ti oko wá pẹ̀lú ọkọ́ léjìká. Mo rántí ọjọ́ tó fẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní démocratie. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, a rò pé bátìrì ti tán. Ó wá ní ìjọba tí ẹnu gbogbo wa gbé kalẹ̀ ni, tí ẹnu gbogbo wa sì tún lè sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Hawaou wo àwọn ọkùnrin tó jókòó yí rédíò ká, ó bi wọ́n bóyá ẹnu tirẹ̀ wà nínú ẹnu gbogbo wa yẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá Souradjou nìkan ló dá a lóhùn pé ó wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fún un ní ètò tirẹ̀, ó pè é ní Ìjókòó Ìrọ̀lẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kọ́ èjìká, ó gun alùpùpù zẹ́mìjàn láti abúlé dé abúlé, láti ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Ṣábẹ̀. Ó gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀: bí ìlú ṣe tẹ̀dó, oríkì ilé, orin ìyàwó, bí wọ́n ṣe fi tipátipá kó àwọn bàbá ńlá wa lọ la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin. Ó gba ti àwọn Bàrìbá tó múlé tì wá, ó gba ti àwọn Fúlàní. Ó gba ti ìyá rẹ̀ náà, níbi tó ti ń sọ bí òun ṣe bí Tawa sínú oko lọ́jọ́ tí òjò ká wọn mọ́ abẹ́ igi òrí. Bí ètò yẹn bá ń lọ, bí o bá ń rìn láti gare ọkọ̀ ojú irin lọ sí mọ́ṣáláṣí, gbólóhùn kan kò ní fò ọ́, nítorí kò sí ilé tí kò ṣí i.

Ọdún 1998 ni wọ́n pè é wá sínú ìjọba, wọ́n ní kó wá máa bójú tó àṣà, kó di mínísítà. Gbogbo Tchaourou bọ́ síta. Àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè, àwọn tí kò bá ìdílé wọn tan rárá ń sọ pé ẹbí ni. Ìyá Hawaou jókòó ti iṣu rẹ̀ lórí àpótí, ó ní, “Ó dára. Ta ni yóò wá máa bá wa sọ̀rọ̀ báyìí?” Ariwo fèrè bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

N kò ní parọ́ mọ́ Tawa, ó ṣiṣẹ́. Ó rin àríwá, ó rin gúúsù, ó jà fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tó ń ya ère àti àwọn tó ń hun aṣọ sì ń dárúkọ rẹ̀ sí rere títí dòní. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Bí a bá gbọ́ ọ nínú rédíò, àpérò ló ti ń sọ̀rọ̀, tàbí ó ń kí àwọn àlejò tó wá láti Paris. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń sọ Faransé dùn tó o láàárín wọn. Ẹni tó gba Ìjókòó Ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò fẹ́ràn àtimáa gun alùpùpù lọ sí abúlé, ètò náà sì kú díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó kéde ikú rẹ̀.

Ìyá Hawaou kò yéé gbọ́ rédíò. Farid tíṣà, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwọn, ló máa ń jókòó tì í láti tú ohun tí Tawa bá sọ. Ní ọjọ́ kan, Farid kò sí nílé, èmi ni mo wà lọ́dọ̀ ìyá, tí mo ń wọn bùbá fún un. Tawa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo fẹ́ máa tú u, ìyá gbé ọwọ́ sókè pé kí n fi sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó pa rédíò, ó ní, “Ohùn rẹ̀ ni mo ń gbọ́. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́.” Mo tẹ̀síwájú, mo ń wọn apá bùbá.

Ti àwọn kásẹ́ẹ̀tì tó fi gba ohùn àwọn àgbà ló wá burú jù. Kó tó di mínísítà ló ti gba ìyọ̀ǹda láti kó wọn kúrò nílé rédíò, nítorí ó ń bẹ̀rù pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan á gba nǹkan mìíràn lé wọn lórí. Ó ní Tchaourou ni òun yóò kó wọn wá, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ lè wọlé, kó jókòó, kó gbọ́ ọ. Bàbá Souradjou yọ̀ǹda yàrá kan fún un nínú ilé rẹ̀, ó kùn ún, ó fi páànù tuntun bò ó. Tawa dúpẹ́, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ààwẹ̀ kọjá. Ààwẹ̀ kọjá, ó ní kí ìbò kọjá. Ìbò kọjá, ó ní kí òun ti òkè òkun dé. Kì í ṣe pé ó ń tàn wọ́n, mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Iṣẹ́ ń ti iṣẹ́ ni. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà nínú páálí ní Kútọnu, nínú yàrá ìkẹ́rù lẹ́yìn ilé tí wọ́n fún un. Nígbà tó yá, Bàbá Souradjou bẹ̀rẹ̀ sí kó àgbàdo sínú yàrá náà.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́, Ìyá Hawaou sùn, kò jí. Ìpàdé kan ní òkè òkun ni Tawa wà. Chérifou àbúrò rẹ̀ pè é títí kó tó rí i bá sọ̀rọ̀. O sì mọ àwa Mùsùlùmí, a kì í fi òkú pamọ́ de ẹnìkan, ìbáà jẹ́ mínísítà. Kó tó dé, ilẹ̀ ti gba ìyá rẹ̀. Ó lọ dúró síbi sàréè nínú bàtà tó wọ̀ wá láti inú ọkọ̀ òfurufú, ẹrẹ̀ bo bàtà náà, kò sunkún. Nígbà tó padà sílé ló sọ fún Chérifou pé òun yóò lọ mú kásẹ́ẹ̀tì ìyá wá láti Kútọnu, pé lọ́jọ́ fìdáù gbogbo ẹbí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn, ó sì tù wá nínú.

Ó dé Kútọnu, ó ní kí wọ́n ṣí yàrá ìkẹ́rù. O mọ bí Kútọnu ṣe ń rí bí òjò bá pọ̀. Omi ti wọlé láti abẹ́ ilẹ̀kùn, ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti fà, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀ lára gbogbo nǹkan, gbogbo wọn sì ti bu. Páálí já mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó kó àwọn tó ṣeé kó lọ bá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni yẹn fọ̀ wọ́n, ó sá wọn, ó tì wọ́n bọ inú ẹ̀rọ. Ìró bí ìgbà tí èèyàn ń dín nǹkan nínú epo ló ń jáde. Wọ́n gbìyànjú ti ìyá rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ.

Ọwọ́ òfìfo ló gbé wá síbi fìdáù. Lẹ́yìn àdúrà, ó dìde, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wa láìfi ohunkóhun pamọ́, ní Nàgó. Ó ti pẹ́ tí a ti gbọ́ ọ ní Nàgó bẹ́ẹ̀. Olúwatìmílẹ́yìn, ọmọ Sanson tí Tawa gba ìtàn ìlú lẹ́nu bàbá rẹ̀, dìde lẹ́yìn.

Ó ní, “Tata Tawa, ti bàbá mi náà ńkọ́?”

Tawa ní, “Ti bàbá rẹ náà.”

Olúwatìmílẹ́yìn kò bínú. Ó jókòó, ó ń wo ilẹ̀. Ì bá sàn kó bínú.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni wọ́n tún ìjọba tò. Inú mọ́tò ni Tawa wà tó ti gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn nínú rédíò lórí ipò rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ má pa á, kí àwọn gbọ́ ọ tán. Nígbà tó kó dé, àwọn tó ń pe ara wọn ní ẹbí nígbà yẹn kò yọjú. Àwọn tó sì fẹ́ yọjú lóòótọ́, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n rí òun. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní, “Raliatou, kò sí ilé tí mo lè yà nílùú yìí tí n kò bá wọn sọ ohùn òkú wọn nù.” Ohun tí wọ́n ń pè ní ìgbéraga nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ fún ọ kí n tó dúró. A ti ní rédíò kékeré kan níbí báyìí, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Waliath ló ń darí rẹ̀. Ó ti wá bẹ Tawa títí pé kó wá máa ṣe ètò, Tawa kò gbà. Lóṣù tó kọjá ó tún wá, kò bẹ̀ ẹ́ mọ́, ó kàn sọ fún un pé Ìyá Ìbùkún ti Sanson ṣì wà láyé. Arúgbó yìí wà lára àwọn obìnrin tí Tawa gba orin ìyàwó sílẹ̀ lẹ́nu wọn. Lọ́jọ́ kejì Tawa ránṣẹ́ pè mí, a gun zẹ́mìjàn lọ bá ìyá náà.

Tawa kúnlẹ̀ tọrọ àforíjì, ó ní kí ìyá jọ̀ọ́ bá òun tún orin náà kọ. Arúgbó náà fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ó ní òun kò bínú, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ń dá orin yẹn, òun ń gbè é ni. Ẹni tó ń dá a ti kú. Tawa ní kó gbè é bẹ́ẹ̀ náà. Ó tan ẹ̀rọ. Ìyá Ìbùkún pa ojú dé, kò sọ nǹkan kan. Ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró kí ẹnì kejì rẹ̀ sọ tirẹ̀ tán. Lẹ́yìn náà ló gbè, ohùn rẹ̀ tínrín, ó tún dákẹ́, ó tún ń dúró. Mo rọra bi Tawa pé ṣé kò lè bá a dá a ni. Omi ti kún ojú rẹ̀. Ó ní, “Mo gbà á sílẹ̀. N kò kọ́ ọ.”

Ó gbé e sórí rédíò bó ṣe wà, pẹ̀lú gbogbo ìdákẹ́jẹ́ inú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń na rédíò wọn ní ìgbátí, wọ́n ń yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó parí, Tawa sọ̀rọ̀ ní Nàgó. Ó ní, “Rédíò yín kò bàjẹ́. Ẹni tó ń dá orin náà ló ti lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ wá.”

Ẹnikẹ́ni kò tíì wá. Tawa ń lọ sílé rédíò náà lójoojúmọ́ báyìí, ó ń jókòó, ó ń dúró.

Yéwándé, ọmọ Sanson ni ìyá rẹ àgbà, ó sì dá orin fún ọ̀pọ̀ ìyàwó kó tó kú. Bí ohunkóhun nínú rẹ̀ bá ṣì wà lórí rẹ, má kọ ọ́ sínú ìwé ránṣẹ́ sí mi. Wálé, kí o wá fi ẹnu kọ ọ́.

Kí àwọn ọmọ fún mi níkọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ará ilé tó wà lọ́hùn-ún, kí o sì tọ́jú orúnkún rẹ. Chérifou àti Farid ní kí n kí ọ. Ọlọ́run yóò jẹ́ ká fojú kan ara wa.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,

Raliatou