Ojú Tí O Fi Ránṣẹ́ sí Àbúrò Rẹ

Moríyọ̀ ọmọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ẹ gbé nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀bù àtíkè rẹ l'Ọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́. Àwọn oníbàárà tó dáa ni yóò máa wọlé tọ̀ ẹ́, ẹlẹ́jọ́ kò ní mọ ọ̀nà ibẹ̀. A wà ní Ìpogun ńbí, ara wa le, àfi orúnkún bàbá yín tó máa ń dùn ún tó bá fẹ́ lọ sóko, tí kì í sì í dùn ún tó bá ń lọ jẹun.

O lè máa wò ó pé kí ló dé tí mi ò pè ẹ́. Etí fóònù mi ló kú. Tí ẹnikẹ́ni bá pè mí báyìí, àfi kí n tẹ ibi tó ń pariwo, gbogbo àdúgbò á sì máa bá wa dá sí i. Nígbà tó o pè lọ́jọ́sí pé àfẹ́sọ́nà rẹ ń bínú, ìyá tó ń ta èlùbọ́ lẹ́yìn ògiri wa ló kọ́kọ́ ní kó o ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ sọ yìí kì í ṣe ti àdúgbò, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Àwòrán tó o fi ránṣẹ́ sí fóònù Babájídé ọlọ́kadà nígbà ọdún Iléyá, a rí i. Aṣọ náà bá ẹ mu. Ṣùgbọ́n ẹyinjú rẹ dà bí ewé ẹ̀fọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ̀. Bàbá yín wo àwòrán náà títí, ó wá yíjú sí mi, ó ní ṣé òyìnbó kan wà nínú ìdílé wa l'Ógbómọ̀ṣọ́ tí òun kò gbọ́ nípa rẹ̀ kí òun tó fẹ́ mi. Mo ní kò sí. Ó ní kí n tún rò ó dáadáa. Èmi rò pé àìsàn ni, mo lọ bá Ááfà Ràhímù, ó ṣe àdúà sínú omi fún ẹ. Mi ò mọ̀ pé rírà ni wọ́n ń ra ojú.

Àfi bí àbúrò rẹ Sherifat ṣe pè láti ilé ìwé rẹ̀ l'Óǹdó, tó ní ojú ń ta òun bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Mo wọ mọ́tò lọ. Mo bá a nínú yàrá, ó fi ìborùn bo orí, kò lè wo ìmọ́lẹ̀. Ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì jẹ́ àwọ̀ ewé bíi tìẹ, ṣùgbọ́n ojú ọ̀tún ti pọ́n bí epo, omi sì ń jáde lára rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ní kí a wá abiyamọ tó máa fún omi ọyàn sí i. Mo ní ọsibítù sún mọ́ wa ju abiyamọ lọ.

Dókítà ojú ibẹ̀, obìnrin ni, ó fọ ọwọ́, ó ní kí Sherifat wo òkè, ó fi ìka kan ojú ọmọ mi, àwọ̀ ewé ojú náà sì bá ìka rẹ̀ jáde. Moríyọ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo rò pé ó ti yọ ọ́ ni. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó dá a padà síbi tó ti mú un. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ike kan hàn mí tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ní kí n wo ojú ọmọ mi lábẹ́ rẹ̀, dúdú bí Ọlọ́hun ṣe dá a. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi iná wò ó, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní egbò ti wà lórí ẹyinjú náà. Sherifat ti fi ike yẹn sùn, ó sì ń fi omi inú ọ̀rá fọ̀ ọ́. Ó ní ká ní a tún fi falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ojú náà ì bá fọ́.

Dókítà ní lẹ́ǹsì ni wọ́n ń pè é, pé ká tiẹ̀ ní fún ẹwà lásán ni, dókítà ojú gbọ́dọ̀ yẹ ojú ẹni wò, kó wọ̀n ọ́n, kó sì kọ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, pé ẹni tí kò ní láísẹ́ǹsì kò gbọdọ̀ máa tà á, òfin lè mú un. Mo bi í pé ṣé ojú náà ń wa mọ́tò ni tó fi ń gba láísẹ́ǹsì. Ó ní ti ẹni tó ń tà á ni. Ó yé mi díẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ NIN ló wà ńbẹ̀. Ojú dúdú rẹ ni ìjọba yà sínú ẹ̀rọ wọn, ìwọ wá gbé ojú ewé rìn kiri Àkúrẹ́. Tí wọ́n bá pe Moríyọ̀, ta ni kó jẹ́?

Dókítà wá bi Sherifat pé ta ló tà á fún un. Ó fa ìborùn bojú. Mo ní kó sọ̀rọ̀, kí n lè ṣépè fún onítọ̀hún àti ìyá tó bí i. Mo tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Sherifat di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n má ṣépè fún ìyá rẹ̀, pé láti ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n Moríyọ̀ ló ti wá, pé ẹ̀bùn lo fi ṣe nínú páálí bisikíìtì. Mo yára bẹ Ọlọ́hun pé kó má gba èyí tí mo ti ṣẹ́ tán.

Mo mọ̀ pé o ò mọ̀. Ìfẹ́ lo fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n o ti mọ̀ báyìí. Má ta ìyókù, má sì fi tọrẹ. Gbogbo ọmọge tó ti rà á lọ́wọ́ rẹ, pè wọ́n, kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n lọ rí dókítà ojú. Wọn á bú ẹ. Jẹ́ kí wọ́n bú ẹ, èébú kì í fọ́ni lójú. Tìróò àti pańkéèkì tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn tó ẹ jẹun.

Ojú Sherifat ń san, àmọ́ ó ṣì ń rí kùrukùru, dókítà sì ní ká ṣì máa bọ̀. Fi owó oògùn tí wọ́n ń kán sí i ránṣẹ́, àti owó ọkọ̀ wa, kí o sì fi nǹkan lé e fún bàbá yín kó má baà ní òun nìkan ni a gbàgbé.

Mo bi àbúrò rẹ lánàá pé kí ló rí nínú ojú aláwọ̀ ewé. Ó ní òun kò fẹ́ràn àwọ̀ náà rárá, pé láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ pé ìwọ lo lẹ́wà nínú ẹ̀yin méjèèjì, òun kàn fẹ́ jọ ẹ́ ni. Wá sílé lọ́jọ́ Sátidé. Yọ lẹ́ǹsì ojú tìẹ náà, má kun nǹkan kan. Jókòó tì í, kó wò ẹ́ dáadáa.

Ọlọ́hun kò ní fi ọ̀kan nínú yín dá mi lóró. Ohun tó o bá tà kò ní pa ọmọ ẹlòmíràn lára, ojú mi yóò sì fi yín ṣe ìran ayọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Nímọ́tà