Abọ́ Tí Ẹ Ń Béèrè

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin kúkú ni ẹ wà nílé, lábẹ́ igi ọsàn tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn. Èmi ni mò ń lọ tí mò ń bọ̀. Láti Ìgèdè ni mo ti ń kọ ìwé yìí, nínú yàrá tí wọ́n fún àwa olùkọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì yín aláwọ̀ eérú ni mo wọ̀. Màámi fẹ́ fi í tọrẹ, mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀kì tí ẹ fi ń fa ìlà sára aṣọ ṣì wà nínú àpò rẹ̀. Mi ò yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣẹ́gun ló gbé mi dìde. Mo mọ̀ pé òun lẹ gbé lọ sọ́run lọ́kàn. Ọ̀rẹ́ yín láti kékeré, tó ń wa bọ́lẹ̀kájà aláwọ̀ búlúù láti Adó sí Ìgèdè, tí kì í kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù yín kó má fọn fèrè. Ẹ̀wọ̀n ló wà nígbà tí ẹ kú, tó ń retí ìdájọ́, ọ̀rọ̀ tó sì gbé e débẹ̀, ẹnu àwa ará ilé yín ló ti jáde.

Ṣé ẹ rántí bí eruku ṣe pọ̀ tó lọ́jọ́ náà? Ọ̀gbẹlẹ̀ ti wọra. Ìsinmi ni mo wá lò, inú pálọ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ igbe. Ọkọ̀ kan ti sáré wá láti ọ̀nà Ìgèdè, ó ti gbá ìyá ọlọ́sàn, ó sì ti bá eruku lọ. Nígbà tí mo jáde, bọ́lẹ̀kájà Bàbá Ṣẹ́gun ló dúró lójú títì, òun fúnra rẹ̀ sì ń gbé ìyá náà lọ sínú rẹ̀. Ìyá náà kò dé ọsibítù.

Nírọ̀lẹ́, ẹ pe gbogbo wa jọ sí pálọ̀. Kí ọlọ́pàá tó dé, ẹ ní ká fẹnu kò. “Ulé kan, ẹnu kan.” Bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bóyá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni o, bóyá ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó. Ẹ ò fẹ́ kí ẹnì kan sọ tòsì, kí ẹnì kejì sọ tọ̀tún, kí wọ́n wá pe wá ní elékèé. Ire lẹ rò, Bàbá. Ta ni ò mọ̀ pé ilé tí ẹnu rẹ̀ kò bá kò, ìta ní í bá a túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá Kọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ wọ́n, ohùn wọn a máa dí ilé. Ẹ̀yìn tí igbe ta ni wọ́n dé. Wọ́n bá ọkọ̀ búlúù níbẹ̀, wọ́n sì rò pé òun ló gbá ìyá náà. Wọn ò purọ́. Ohun tí wọ́n bá ni wọ́n sọ. Àwọn tó jẹ́ pé eruku nìkan ni wọ́n rí wá bẹ̀rẹ̀ sí í rí búlúù nínú eruku. Ìyàwó wọn rí i. Alájọgbé wa rí i. Màámi mirí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀yin ni mò ń wò. Ẹ ń wé tépù mọ́ ìka, ẹ ń tú u, ẹ ń wé e. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ẹ ní bó bá jẹ́ ohun tí gbogbo wa rí nìyẹn, kó rí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọlọ́pàá dé, ìbéèrè tiwọn náà ti jinná kó tó délé wa. Wọ́n ní ṣé a rí ọkọ̀ búlúù tó pa ìyá ọlọ́sàn. Ta ni yóò ní òun ò rí i? Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Láti ọjọ́ náà ni iṣẹ́ yín ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹ gé aṣọ àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kúrú, ẹ̀yin tí ẹ máa ń fojú lásán wọn ènìyàn. Tí mo bá wálé, tí mo fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún yín bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó kàn mú un dání. Lẹ́yìn náà ni àìsàn dé. Orí àìsàn yẹn lẹ wà tí ẹ fi ń béèrè pé, “Abọ́ ìyá rẹ dà?” Láàárọ̀, abọ́. Lọ́sàn-án, abọ́. A rò pé ebi ni, Màámi gbé ẹ̀kọ wá, ẹ tì í sẹ́yìn. A wá ní ibà ti gun orí. Mo lọ sí Ọjà Ọba, mo ra abọ́ tánganran tuntun olódòdó, mo bu ẹ̀wà sí i, mo gbé e síwájú yín. Ẹ wo abọ́ náà, ẹ wo ojú mi, ẹ sì kọjú sí ògiri.

Inú bí mi díẹ̀, Bàbá. Mo rò pé ẹ ò mọ rírì ohun tí mo ṣe.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni àwọn ọmọ Bàbá Ṣẹ́gun gba lọ́yà kan, obìnrin, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tín-ín-rín báyìí, ohùn rẹ̀ kò sì jù ti ẹni tó fẹ́ tọrọ iyọ̀ lọ. Màámi ní àwọn ò ní rí i. Wọ́n ní ṣé kí àwọn lọ sọ ohun mìíràn ní kóòtù, kí òkú ọkọ àwọn di òpùrọ́? Mo bẹ̀ wọ́n títí. Mo ní ẹ̀yin gan-an kò ní fẹ́ kí ọ̀rẹ́ yín jẹrà síbẹ̀.

Nígbà tí lọ́yà náà dé, kò mú bíírò jáde. Ó ní kí gbogbo ènìyàn bọ́ sẹ́yìn. Ó gbà kí èmi jókòó ti Màámi, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbàgbé ọ̀rọ̀, n kò gbọ́dọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ mọ ẹnu mi. Ìyà ni ìyẹn jẹ́ fún mi. Ó gbé àga síwájú ṣọ́ọ̀bù yín, ní àkókò tí oòrùn máa ń tẹ̀ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe rí lọ́jọ́ ìjàǹbá náà. Ó ní, “Mi ò sí níbẹ̀, Mà. Mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀.” Ó ní ohun tí wọn ò bá mọ̀, kí wọ́n ní àwọn ò mọ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó bá sì kéré lójú wọn, kí wọ́n má fò ó.

Kò dárúkọ ọkọ̀. Kò dárúkọ àwọ̀. Ó kàn ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n padà sí ọ̀sán ọjọ́ náà, kí wọ́n sọ ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe, ohun tí etí wọn ń gbọ́, òórùn tó wà níbẹ̀. Màámi dijú. Lọ́yà náà ń wo ilẹ̀, kò yọ wọ́n lẹ́nu.

Màámi bá ní, “Ọ̀dà. Òórùn ọ̀dà ni.”

Bí ẹni tó fa òwú kan tí gbogbo ìṣẹ́tí aṣọ tú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde. Wọ́n ti ra abọ́ tuntun ní Ọjà Ọba láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ìdí rẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe kí abọ́ wọn má bàa sọnù níbi àsè, wọ́n sì da ojú rẹ̀ dé orí pèpéle ṣọ́ọ̀bù yín kí ó gbẹ. Bàbá Ṣẹ́gun fẹsẹ̀ rìn wá láti ẹ̀yìn ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ti gbóná, ó ń wá omi. Ó mú abọ́ náà. Màámi pariwo pé ọ̀dà ò tíì gbẹ. Ó na àtẹ́lẹwọ́ tó ti di pupa sí wọn, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin náà sì rẹ́rìn-ín nídìí máṣíìnì. Orí ẹ̀rín yẹn ni igbe ta lójú títì. Bàbá Ṣẹ́gun fi abọ́ náà bu omi, ó sáré padà sídìí ọkọ̀ rẹ̀, ó sì wà á wá láti gbé ìyá náà.

Màámi lajú. Wọ́n gbá àyà mú. “Yéè! Bàbá ẹ ti sọ ọ́. Abọ́ mi ni wọ́n ń béèrè!”

Lọ́yà mú wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, níbi tí koríko ti bo táyà bọ́lẹ̀kájà náà. Abọ́ ń bẹ lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, àmì pupa wà nídìí rẹ̀, ìka ènìyàn sì ti fà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá ni wọ́n rà á, lọ́jọ́ kejì ni ọlọ́pàá gba ọkọ̀; ìgbà mìíràn wo ni ìbá ti débẹ̀? Màámi dúró ní kóòtù, wọ́n sì sọ ọ́ bó ṣe rí. Wọ́n dá Bàbá Ṣẹ́gun sílẹ̀. Ẹni tó pa ìyá ọlọ́sàn gan-an, a ò mọ̀ ọ́n títí di òní, ojú sì ń tì mí láti wo àwọn ọmọ ìyá náà.

Bàbá Ṣẹ́gun ti wá kí yín, àbí ẹ ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀? Ó ti rù. Ó ní ohun tó jẹ òun lọ́kàn jù ní ẹ̀wọ̀n ni pé ẹ̀yin wà nídìí máṣíìnì, ẹ rí òun, ẹ sì dákẹ́. Màámi wá sọ fún un bí ẹ ṣe ń béèrè abọ́ títí ẹ̀mí fi bọ́. Ó fọwọ́ bojú, ó ń sunkún, ó ń wí pé, “Ó rántí. Hà, ó rántí mi.”

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu yín, Bàbá, ó ń jáde lójoojúmọ́, a sì ń fi oúnjẹ dí i. Ìbá ṣe pé mo fi ẹ̀wà yẹn sílẹ̀, kí n jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì yín, kí n béèrè ohun kékeré kan, kí n sì dákẹ́ títí ẹ ó fi rí i sọ. Ọ̀rẹ́ yín ìbá ti wà níbi ìsìnkú yín.

Mo ti jókòó báyìí. Mi ò kánjú. Abọ́ wo ni, Bàbá?

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
tó máa ń fi òwú sí abẹ́rẹ́ fún yín.