Afẹ́fẹ́ Inú Páìpù Rófíà

Bàbá mi, onísùúrù mi,

Ilé wa ní Weston, nílùú òyìnbó níbí, ni mo ti ń kọ èyí. N kò lọ sí shift lónìí, fóònù wà lórí itan mi. Rófíà, ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kò rí, ló ń já mi láyà.

Iṣẹ́ bàálù ló ń ṣe ní Downsview. Wọ́n á gbé bàálù kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnnì sínú yàrá gígùn kan, fáànù ńlá á máa fẹ́ ìjì lù ú. Kó lè dà bíi pé ó ń tú èéfín, wọ́n á fi páìpù rán afẹ́fẹ́ tí wọ́n kì mọ́ inú sílíńdà gba ìdí rẹ̀ jáde, kí wọ́n lè rí ibi tí ìjì máa tẹ̀ ẹ́ sí. Bàbá, afẹ́fẹ́ tí ẹ fi ṣe fọkanáísà náà ni, àfi pé tiwọn le ju ti táyà tírélà lọ.

Lánàá ó ní oríkèé páìpù kan ń jò, pé lónìí òun máa wọ yàrá náà lọ yẹ̀ ẹ́ wò láìpa afẹ́fẹ́ rẹ̀, torí ọ̀gá ń kánjú. "Mummy, relax, it's just air."

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí ẹ bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, bí ẹni ń gbọ́ òfófó? Ọjọ́ kan péré ni mo gbé abọ́ oúnjẹ yín dúró síwájú táyà tírélà. Ẹ fi ọwọ́ òsì tì mí, irin rìímù fò jáde. Ìka méjì lọ. Ẹ sọ fún gbogbo àdúgbò pé ẹ̀yin ni ẹ kò fiyè sí i. Kí ló dé tí ẹ kò bá mi wí rí? Èmi náà parọ́ fún Rófíà, mo ní ẹ̀rọ ló gé ìka Bàbá àgbà.

Láàárọ̀ yìí, kó tó wọlé, mo pè é, mo sọ òótọ́. Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, ó wá ní, "Mọ́mì, níbo ni kí n dúró sí?"

Mo ní kó má fọwọ́ kàn án títí wọ́n á fi tú afẹ́fẹ́ náà sílẹ̀. Síbẹ̀, kó má dúró síwájú. Ẹ̀gbẹ́ ni, kó sì yí ojú. Ó ní òun gbọ́.

Ó ti lé ní wákàtí kan. Kò tíì pè. Ṣé ọ̀gá náà gbà kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ náà? Ṣé ẹ ń rí i níbi tí ẹ wà? Bàbá, ẹ bá mi fi ọwọ́ òsì yẹn ti Rófíà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ fi ìka méjì rà.