Aṣọ Bàbá Lára Ẹlòmíràn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Òrùlé ṣì ń jò. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́ díẹ̀, oògùn tí ẹ fi ránṣẹ́ kò sì tíì tán.

Ní ilé ẹ̀kọ́ ìránṣọ wa, gbogbo kíláàsì jọ ń fi aṣọ àlòkù táwọn èèyàn fún wa rán aṣọ tuntun. Ẹni tó mú aṣọ wá kọ́ ló ń gé e, kí àánú má baà dí i lọ́wọ́. Màmá kó gbogbo aṣọ Bàbá lé mi lọ́wọ́. Ẹ mọ ẹnu wọn: "Òkú kì í wọ ṣẹ́ẹ̀tì. Gbé e lọ."

Lọ́jọ́ tí a pàtẹ iṣẹ́ wa, ọmọbìnrin kan wọ gáùn tí wọ́n fi ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ Bàbá rán jáde. Ibi tí Màmá lẹ̀ ní ìgúnpá ti bọ́ sí àyà. Màmá, tí wọ́n wá wòran, dìde, wọ́n lọ tún kọ́là ọrùn aṣọ ọmọ náà ṣe, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún Bàbá láràárọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́. Agbára káká ni wọ́n fi ń jẹun.

Kóòtù tí Bàbá bọ́ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ nìkan ló kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́. Ọlọ́run á mú yín dé láyọ̀, ẹ wọ̀ ọ́ wálé. Tí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ má tún kọ́là rẹ̀ ṣe.

Àbúrò yín.