Ìràwọ̀ Méjì fún Àgbàlagbà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Láti Dutsen Kura níbí ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín, ẹ̀yin àti Bàbá wa. Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Múfú àti ìyàwó wọn. Ara wa le, ooru nìkan ló ń dà wá láàmú. Orí símẹ́ńtì la ń sùn.

Ohun tí ojú mi rí lọ́jọ́ Àìkú ni n kò lè pa mọ́ra. Módínà ọmọ mi kì í fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ó ní èrò ń fún mọ́ra jù níbẹ̀, ẹni tí òun ò mọ̀ rí á tún máa bi òun pé ọmọ ta ni òun. Fóònù ló fi ń pe mọ́tò bíi tàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi náà ń rí ibi tó bá dé lórí fóònù tèmi, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ó bá wa pe ọ̀kan tó gbé wa lọ kí ọ̀rẹ́ mi ní Soje. Bàbá kan tó tó Bàbá wa lọ́jọ́ orí ló ń wà á. Wọ́n kí wa ní sannu bíi tàwọn ará ibí, mo dáhùn, àfi bí a ṣe gbọ́ Yorùbá Ìlọrin lẹ́nu wọn. Wọ́n bi Módínà nípa ilé ìwé, wọ́n ṣàdúrà ọkọ rere fún un. Wọ́n ní ẹ̀yìn tó ń dun àwọn ni kò jẹ́ kí àwọn lè wa kẹ̀kẹ́ mọ́, mọ́tò yìí ni àwọn fi ń jẹun báyìí. Módínà ń rẹ́rìn-ín, ó ń ní ẹ ṣé sà. Inú mi dùn sí ọmọ mi.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tẹ fóònù wọn, wọ́n ní àwọn ti fún ọmọ wa ní ìràwọ̀ márààrún, ọmọ dáadáa ni. Mo rò pé àdúrà ni, mo ṣe àmín.

Ẹnu ọ̀nà ọ̀rẹ́ mi ni mo ti bi Módínà pé ìràwọ̀ wo nìyẹn. Ó ní máàkì ni: awakọ̀ á fún èrò, èrò náà á fún awakọ̀. Mo bi í pé mélòó ló fún wọn. Ó ní méjì, nítorí pé bàbá náà ń sọ̀rọ̀ jù. Ó ní bí irú ẹ̀ bá pọ̀, wọ́n á lé awakọ̀ náà kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Màmá, ẹnu mi ò lè padé. Ọmọ tí mo bí ń fún àgbàlagbà ní máàkì. Ó rẹ́rìn-ín sí wọn títí a fi dé, ìka tó fi tẹ fóònù ló sì fẹ́ fi gba oúnjẹ lẹ́nu wọn. Nínú kẹ̀kẹ́, bí ọ̀rọ̀ awakọ̀ bá bí i nínú, á sọ ọ́ lójú rẹ̀, awakọ̀ á fèsì, èrò á dá sí i, ó parí nìyẹn. Mo ní kó yí i padà. Ó ní ó ti lọ.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí títí iléyá, nígbà tí Módínà máa wá bá yín ṣọdún. Mo mọ̀ yín, ẹ ó bi í ní ohun tó jẹ, ẹni tó ń fẹ́, ìdí tó fi rù. Á rẹ́rìn-ín sí yín, á ní ẹ ṣé, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gba ẹ̀rín yẹn gbọ́. Ẹ bi í pé mélòó ló fún yín.

Mo kí gbogbo ará ilé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Sàlámátù